Dátábéèsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àbí kí gbogbo oníbàárà jọ lo ẹyọ kan?

Ká ní oníbàárà 500 ló wà lórí sáfà PostgreSQL (ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì) kan. Bí kálukú bá ní dátábéèsì tirẹ̀, ẹni tó bá ba dátà rẹ̀ jẹ́, tirẹ̀ nìkan la máa dá padà. Ìsopọ̀ láàárín áàpù àti dátábéèsì ló ń dá wàhálà sílẹ̀: èyí tó wọ dátábéèsì kan kò lè bọ́ sí òmíràn. Márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ti di 2,500, bẹ́ẹ̀ 100 ni max_connections (iye ìsopọ̀ tí sáfà lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà) láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń jẹ mẹ́mọ́rì.

Tébù àjọlò rọrùn: tenant_id (àmì tó ń fi oníbàárà tó ni ín hàn) lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó parí. Àfi ọjọ́ tí ẹnìkan bá gbàgbé WHERE (apá ìbéèrè dátábéèsì tó ń yan ìlà oníbàárà kan ṣoṣo), tí oníbàárà kan wá ń ka àkọsílẹ̀ owó ẹlòmíràn! Síbẹ̀, tébù àjọlò ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà ńlá nìkan ni màá yà sọ́tọ̀.