Àgbéyẹ̀wò special ed ní Texas: ojú ìwé tí ìṣẹ́jú wà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí

Àwọn òbí Yorùbá tí a jọ wà ní agbègbè Houston máa ń bi mí bóyá special ed, ètò ẹ̀kọ́ fún ọmọ tó ní ìpèníjà, tí ilé ìwé ìjọba ń ṣe dára, àbí kí àwọn kúkú wá owó ilé ìwé aládàáni. Ó dára, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ ìwé ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tí ẹ bá fẹnu sọ, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Ohun tí wọn ò bá sì kọ sínú IEP, ìyẹn ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọmọ náà, ẹ má retí rẹ̀. Kindergarten ni ọmọkùnrin mi àbígbẹ̀yìn ti wọ ètò náà, second grade ló wà báyìí, nítorí náà kì í ṣe àgbọ́sọ ni mo fẹ́ sọ.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ IDEA ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ọdún 1975 ni wọ́n ṣe é lábẹ́ orúkọ mìíràn, ó di IDEA ní 1990. Ó ní kí ọmọ tó ní ìpèníjà gba ẹ̀kọ́ tó bá a mu láìsan kọ́bọ̀, láti ọmọ ọdún 3 títí dé 21. Ẹ̀tọ́ yẹn ni FAPE tí wọ́n á máa pè sí yín létí. LRE ni pé kí wọ́n má yọ ọmọ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ rántí èyí lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ kó ọmọ yín lọ sí kíláàsì ọ̀tọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 3, ECI, ètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké, ni tirẹ̀. Ètò tí wọ́n ń pè ní 504 yàtọ̀: òfin 1973 ni, ìrọ̀rùn ló sì sábà máa ń ṣe fún ọmọ, bíi kí wọ́n fi kún àkókò ìdánwò rẹ̀ tàbí kí wọ́n jẹ́ kó jókòó síwájú. Tí ẹnikẹ́ni bá ní 504 ti tó ọmọ yín, ẹ ní kó ṣàlàyé ìdí.

Ọ̀rọ̀ ló pẹ́ lẹ́nu ọmọ tèmi. Màmá mi ní Ìbàdàn ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bàbá ọmọ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Tíṣà rẹ̀ ò fara mọ́ ìyẹn, èmi náà ò sì fara mọ́ ọn mọ́. Mo lọ sí ọ́fíìsì ilé ìwé, mo ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní àwọn á pè mí. Ẹnikẹ́ni ò pè. SPEDTex ló là mí lójú. Ibùdó ìsọfúnni nípa special ed fún gbogbo Texas ni, ẹ lè pè wọ́n lórí fóònù, ẹ sì lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, wọn kì í gba owó. Obìnrin tó gbé fóònù ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìwé àti ọ̀gá special ed ní district, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn ilé ìwé ìjọba ní agbègbè wa. Tí ìwé bá ti dọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ọjọ́ ilé ìwé 15 láti dáhùn. Tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, gbèdéke ọjọ́ 15 yẹn ò dè wọ́n. Ìmeèlì tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ ni mo kọ. Fọ́ọ̀mù tí mo máa fi gbà kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò dé.

Ẹ má rò pé mo ń sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Láti 2004 ni àjọ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ yìí ti fi ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe òṣùwọ̀n iye ọmọ tó yẹ kó wà nínú special ed. Ìwé ìròyìn Houston Chronicle ló tú u síta ní 2016, nígbà tó sì di oṣù January 2018, iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kéde pé Texas rú òfin. Wọ́n ti pa òṣùwọ̀n náà rẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ọjọ́ ilé ìwé 45 láti parí àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní FIE. Ọjọ́ ilé ìwé ni o! Sátidé ò sí níbẹ̀, ìsinmi Thanksgiving ò sí níbẹ̀, ti Kérésìmesì náà ò sí. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ní àárín oṣù October lè máà rí èsì títí ọdún tuntun á fi wọlé. Ó gùn jù, ibẹ̀ ni mo ti yọ máàkì wọn.

Àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò náà. Tíṣà spíìṣì tó ṣe é wo ọmọ nínú kíláàsì, ó wò ó níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, ó sì bá mi jókòó pẹ́. Ó béèrè èdè tí a ń sọ nílé. Òfin ò gbà kí wọ́n pe ọmọ ní aláìlera nítorí pé èdè Òyìnbó ò tíì dá lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà ó ní kí n gba ohùn ọmọ sílẹ̀ níbi tó ti ń sọ Yorùbá. Mo gbà á sílẹ̀ ní kíṣìnì. Gbogbo ohun mímu ni "omi" lẹ́nu rẹ̀, títí kan Mílò. A wá rí i pé ọ̀rọ̀ ò tó lẹ́nu rẹ̀ ní èdè méjèèjì. Ẹ tún gbọ́ èyí: àwọn kan máa ń sọ fún òbí pé kí wọ́n pa Yorùbá tì nílé kí ọmọ lè tètè sọ̀rọ̀. Èmi ò gbà, tíṣà spíìṣì yìí náà sì ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀.

Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn èsì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe mítìn ARD, níbi tí ẹ̀yin àti ilé ìwé ti máa jọ kọ IEP. Bí Texas ṣe ń pè é nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn, mítìn IEP ni wọ́n ń pè é. Ẹ má lọ ní ẹyọ kan. Ìgbákejì ọ̀gá ilé ìwé, tíṣà kíláàsì, tíṣà special ed, tíṣà spíìṣì àti ẹni tó ń ka èsì, gbogbo wọn ló jókòó síbẹ̀, wọ́n sì ń yára sọ̀rọ̀. Tí Òyìnbó wọn bá le fún yín, ẹ béèrè ògbufọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ìwé IEP náà nípọn, àmọ́ ibi méjì ni agbára rẹ̀ wà: góòlù àti ìṣẹ́jú, ìyẹn iye àkókò tí wọ́n á fi ran ọmọ lọ́wọ́. Góòlù tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fún wa ni pé ọmọ "yóò tẹ̀síwájú nínú ọ̀rọ̀ sísọ". Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ wọn ìyẹn? Mo ní kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n wá kọ pé kí ọdún tó pé, yóò lè fi gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́ta béèrè ohun tó bá fẹ́, ní ìgbà 8 nínú 10, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ lẹ́nu. Èyí ṣeé kà. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ojú ìwé ìṣẹ́jú, mo bá "consult" níbẹ̀. Ìyẹn ni pé tíṣà spíìṣì á máa bá tíṣà kíláàsì sọ̀rọ̀ nípa ọmọ. Òun gan-an ò ní fojú kan ọmọ. Mo ní n ò gbà. Òbí tí kò bá fara mọ́ ọn lè ní kí wọ́n dá mítìn dúró, kí wọ́n tún padà jókòó láàárín ọjọ́ ilé ìwé 10, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rán wọn létí ẹjọ́ Endrew F., èyí tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá ní 2017, pé ìtẹ̀síwájú tó bá ipò ọmọ mu ni òfin fẹ́, kì í ṣe fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lásán. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni ìṣẹ́jú 30, ìgbà 9 láàárín ọ̀sẹ̀ 9, tíṣà spíìṣì pẹ̀lú ọmọ lójúkojú.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀? Tíṣà spíìṣì wa mọṣẹ́, ó sì nífẹ̀ẹ́ ọmọ. Ọmọ tí "omi" nìkan wà lẹ́nu rẹ̀ ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí rìmóòtù báyìí, ní Yorùbá àti ní Òyìnbó. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni ìgbà tí tíṣà náà lọ ìsinmi ìbímọ, tí wọn ò rí ẹni dípò rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wa. Ọmọ ló sọ ọ́ fún mi. Mo kọ ìmeèlì, mo béèrè àkọsílẹ̀ gbogbo ọjọ́ tó yẹ kó ti gbà á, wọ́n sì san èyí tó sọnù padà díẹ̀díẹ̀. Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún wọn.

Ẹ má gbàgbé PDSES, owó ìrànlọ́wọ́ ìpínlẹ̀ fún ọmọ tó wà nínú special ed, tó ń jẹ́ SSES tẹ́lẹ̀. $1,500 ni ìpínlẹ̀ fún wa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fúnni, orí wẹ́ẹ̀bù wọn ni a sì ti ná an sórí ohun èlò ẹ̀kọ́. Ilé ìwé wa ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ta mí lólobó. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti wà nínú special ed kí ẹ tó lè béèrè fún un, nítorí náà ìmeèlì ìlà mẹ́rin yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.