Ibi mẹ́ta tá a wò ní Georgia torí bọ̀dá mi tó fẹ́ fẹ̀yìntì

Bọ̀dá mi ti lo ọdún 33 ní Maryland, wọ́n máa pé 67 lọ́dún tó ń bọ̀, òtútù ibẹ̀ ti wọ eegun wọn, orúnkún wọn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn pé snow ń bọ̀ kí tẹlifíṣọ̀n tó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wálé Kérésì, a jókòó sí fàráńdà ilé bàbá wa ní Òkè-Àrò níbí ní Àkúrẹ́, wọ́n ní Georgia làwọn fẹ́ kó lọ táwọn bá ti fẹ̀yìntì, àti pé àwọn fẹ́ kí n wá bá àwọn wo ibẹ̀ káwọn tó sanwó kankan. Ó yà mí lẹ́nu, mo ní èmi tí mo wà ní Àkúrẹ́, kí ni mo mọ̀ nípa ilé Amẹ́ríkà? Wọ́n ní ìwọ lo tọ́jú Màámi títí ọlọ́jọ́ fi dé, ìwọ lo mọ ohun tó ń yọ arúgbó lẹ́nu nínú ilé. Mi ò lè fèsì. Oṣù kẹrin ni mo lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi wakọ̀ káàkiri, mo sì ń kọ ohun tí mo rí síbí torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí òbí tó ń ro irú ẹ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi tí mo fi lọ. Màámi ò wa mọ́ọ̀tò rí láyé wọn. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi pé 84 kò sọ́jọ́ tí wọn kì í jáde, ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá rẹ̀ wọ́n wọ́n á dá kẹ̀kẹ́ Màrúwá dúró, wọ́n á dé Ọjà Ọba, wọ́n á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta gààrí títí ọ̀sán á fi pọ́n, wọ́n á gbọ́ ta ló bímọ, ta ló kọ́lé, ta ló kú. Ìgbà tí wọ́n ṣubú ní bálùwẹ̀ tí wọn ò lè jáde mọ́, oṣù mẹ́jọ péré ni wọ́n lò sí i. Torí ẹ̀, ìbéèrè kan ni mo ń bi gbogbo ibi tá a dé: lọ́jọ́ tí bọ̀dá mi ò bá lè gbé mọ́ọ̀tò sórí express mọ́, báwo ni wọ́n ṣe máa kúrò nílé?

Ọ̀rọ̀ owó orí, kí n tètè sọ ọ́ ká kúrò níbẹ̀. Florida àti Texas làwọn ọ̀rẹ́ wọn ń pariwo sí wọn létí, torí ìpínlẹ̀ méjèèjì ò gba owó orí lórí owó tó ń wọlé féèyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Georgia náà ò fọwọ́ kan owó Social Security, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba àpapọ̀ ń san, téèyàn bá sì ti pé 65, $65,000 nínú owó pẹ́ńṣàn àti owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ lọ́dún ni wọn ò ní gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí ẹ̀, láti 62 sí 64 ó jẹ́ $35,000, tọkọ tìyàwó ló sì ní tiẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàwó wọn ṣírò ẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, ó ní ohun tí ìpínlẹ̀ máa rí gbà lọ́wọ́ àwọn ò tó nǹkan. Ní ti ojú ọjọ́, Florida ń bà wọ́n lẹ́rù látìgbà tí ìjì Ian ti ṣe ibi tó ṣe lọ́dún 2022, Texas ńkọ́, oṣù kejì ọdún 2021 iná lọ fún wọn nínú òtútù fún ọjọ́ mélòó kan, èèyàn tó lé ní 200 ló kú. Mi ò sọ pé Georgia ò ní tiẹ̀ o, ìjì líle kan ba Newnan jẹ́ gan-an lọ́dún 2021 yẹn náà, ìjì Helene sì dé apá ìlà oòrùn Georgia lọ́dún 2024. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ọkọ̀ òfuurufú Delta ń gbé èèyàn láti Èkó lọ sí Atlanta, olú ìlú Georgia, tààrà, kò sí pé à ń sùn sórí àga ní Amsterdam.

Ilẹ̀ wọn pàápàá fà mí mọ́ra. Ilẹ̀ pupa ni, pupa bíi tiwa níbí, ibi tí wọ́n bá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ẹ ó rò pé Òbà-Ilé lẹ wà. Stone Mountain tún wà níbẹ̀, àpáta ràbàtà kan tó dá dúró, mo ní ha, ẹ̀gbọ́n òkè Ìdànrè àbí àbúrò ẹ̀ nìyí? Bọ̀dá mi ò fẹ́ wò ó pẹ́ ṣá, torí àwòrán àwọn aṣáájú gúúsù tó jà nítorí ẹrú ni wọ́n gbẹ́ sára ẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Oṣù kẹrin yẹn náà, lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi máa ń bo gbogbo nǹkan, yẹ́lò ni, ó máa ń bo mọ́ọ̀tò bí eruku ọyẹ́ ṣe ń bo tiwa, ẹni tó bá ní asthma kó mọ̀ ọ́n sínú.

Ibi àkọ́kọ́ jẹ́ ẹstéètì àwọn tó ti lé ní 55, ní apá àríwá Atlanta, mi ò ní dárúkọ wọn. Kí n sọ òótọ́, ilé náà dáa. Ẹ ò rí bálùwẹ̀ wọn! Ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ò ní ibi tẹ́ ẹ máa gbé ẹsẹ̀ lé kẹ́ ẹ tó wọlé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú yàrá, omi rọra ń ṣàn lọ síbi tí wọ́n gbẹ́ fún un, irin ìdìmú wà lára ògiri lápá ọ̀tún àti nídìí ṣáláńgá, àga sì wà níbẹ̀ téèyàn lè jókòó sí wẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi, mo wọ ibẹ̀, mo jókòó sí àga yẹn, mo di irin yẹn mú. Bálùwẹ̀ wa ní Òkè-Àrò ga níwọ̀n ìka mẹ́rin sí yàrá, ìka mẹ́rin yẹn ló gbé Màámi ṣubú. Bọ̀dá mi fi téèpù wọn ilẹ̀kùn, 36 inches. Éjẹ́ńtì ní 32 ni ó kéré jù tí wheelchair á fi gbà bó ṣe yẹ, bọ̀dá mi sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré wọn.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá bà jẹ́ nìyí. Ìyàwó wọn gba ìwé òfin ẹstéètì, ó kà á mọ́jú, ó rí i pé ọmọ tí ò tíì pé 19 ò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ lọ́dún. Éjẹ́ńtì yẹn ti bá wa rìn fún wákàtí mẹ́rin, ó rí fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ wọn lórí fóònù, ó ní wọ́n rẹwà, kò sọ ọ́! Òfin ìjọba àpapọ̀ tó wà látọdún 1995 ló fún irú ẹstéètì bẹ́ẹ̀ láyè láti má gba àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, tó bá ti jẹ́ pé ó kéré tán ilé 80 nínú 100 ló ní ẹni tó ti pé 55 nínú, nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n rú òfin, ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ fi ilé oníyàrá mẹ́ta ṣe tí ọmọ ọmọ ẹ̀ ò bá lè wá lo họ́lídè? Owó àjọ ẹstéètì tí wọ́n ń san lóṣooṣù náà, wọ́n lè fi kún un nígbà tó bá wù wọ́n, inú ìwé yẹn náà la ti rí i.

Mo wá ṣe ìdánwò mi. Mo ní kí n fẹsẹ̀ rìn lọ ra omi ní ṣọ́ọ̀bù tá a rí nígbà tá à ń bọ̀. Láti géètì, kò sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà, títì gbòòrò ni, mọ́ọ̀tò ń sáré bí ìgbà tí wọ́n ń lé wọn, orí koríko ni mò ń rìn, gèlè ń fẹ́ lọ lórí mi. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí obìnrin kan fi dúró, ó ní ṣé kò sí nǹkan, ṣé mọ́ọ̀tò mi ló bà jẹ́. Aájò ló ṣe, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí ìdáhùn mi. Níbi tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ti dà bí ẹni tí nǹkan ṣe, Màámi ì bá ti kú síbẹ̀ kí wọ́n tó pé 70.

Ibi kejì, Gwinnett County lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Ibẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́, mo jẹ iyán, mo gbọ́ Yorùbá láti ìta ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ta èlùbọ́, ṣọ́ọ̀ṣì wa mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ilé tá a wò ló jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, gbogbo yàrá òkè ni, orúnkún bọ̀dá mi ò lè gbà á. Mọ́ọ̀tò náà ni gbogbo nǹkan níbẹ̀, MARTA, reluwé Atlanta, ò dé ibẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ dìbò lọ́dún 2019 pé àwọn ò fẹ́ kó wọlé.

Ọjọ́ kẹsàn-án la dé Peachtree City, ìlú kan ní Fayette County, bíi máìlì 30 sí Atlanta lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn. 1959 ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n dìídì ṣètò ẹ̀ ni, kì í ṣe pé ó kàn hù bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí títì, wọ́n la ọ̀nà kékeré tó tó nǹkan bíi 100 máìlì gba inú igbó, etí adágún omi àti ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn, mọ́ọ̀tò gidi ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti golf cart, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń rìn lórí pápá gọ́ọ̀fù, ló ni ín. Tó bá fẹ́ kan títì ńlá, wọ́n á gbẹ́ ẹ gba abẹ́ títì tàbí kí wọ́n ṣe afárá gba òkè. Golf cart làwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ń wà lọ sílé ìwé, òun ni wọ́n fi ń lọ ra oúnjẹ, lọ ṣọ́ọ̀ṣì, lọ láíbìrì, ibi tí wọ́n á páàkì ẹ̀ sí wà lọ́tọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá òyìnbó kan ló jẹ́ kí n ṣèpinnu. A ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù, òun náà ń kó ẹrù ẹ̀ sínú golf cart, búrẹ́dì, kábéèjì, òdòdó tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Ní ẹ̀yìn níbi tó yẹ kí wọ́n ki igi gọ́ọ̀fù bọ̀, ọ̀pá ìtìlẹ̀ ẹ̀ ló kì bọ ibẹ̀. Bọ̀dá mi kí i, ó ní òun ti lé ní 80, látìgbà tí ọkọ òun ti kú òun ò gbé mọ́ọ̀tò sórí express mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ́jọ́ tóun kì í jáde. Ọ̀rọ̀ Màámi gẹ́lẹ́! Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, bọ̀dá mi náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

A háyà ọ̀kan fún odindi ọjọ́ kan. Ìyàwó wọn ló wà á, bọ̀dá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èmi wà lórí àga ẹ̀yìn tó kọjú sẹ́yìn, mò ń wo ọ̀nà bó ṣe ń lọ lẹ́yìn wa lábẹ́ igi, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń juwọ́ sí mi. Kì í ṣe pé ẹni tójú ẹ̀ ti lọ lè wà á o, ìyẹn ò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n láàárín kéèyàn máa sáré lórí express àti kéèyàn jókòó sílé pátápátá, wọ́n fi nǹkan sí àárín. Kò sí òfin ọjọ́ orí níbẹ̀ náà, ọmọ-ọmọ lè wá gbé títí ó fi máa wọ yunifásítì.

Àléébù ẹ̀ wà. Ilé ibẹ̀ wọ́n. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tá a wò, wọn ò fọkàn sí arúgbó tí wọ́n fi kọ́ ọ, ọ̀kan tá a wò, bálùwẹ̀ ẹ̀ ní báàfù gíga téèyàn gbọ́dọ̀ gùn, ilẹ̀kùn ẹ̀ 28 inches. Ọsibítù Piedmont Fayette wà ní Fayetteville, ìlú kejì, golf cart ò lè gbéèyàn débẹ̀. Isu gidi, ó di DeKalb Farmers Market ní Decatur, ìrìn ńlá ni, Yorùbá ò sì pọ̀ ládùúgbò. Tí mo bá máa fún un ní máàkì, 8 nínú 10, méjì tí mo yọ, torí isu àti torí pé kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn láìpè tẹ́lẹ̀.

Ẹ dákun, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò mọ̀, bọ̀dá mi náà ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ fún àwọn tó ti pé 65, kì í sanwó fún ẹni tó kàn nílò ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́, tó máa bọ́ ọ, tó máa gbé e lọ ṣáláńgá. Tó o bá kúrò lọ́sibítù tó o nílò ìtọ́jú nọ́ọ̀sì, wọ́n lè san ọjọ́ 100 ó pọ̀ jù, ogún ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n sì ń san pé. Lẹ́yìn ìyẹn, àpò ẹ ni, àfi tí owó ẹ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí ò lówó lọ́wọ́, wá gbà á. Nítorí náà ilé tí bálùwẹ̀ ẹ̀ dáa ju owó orí táwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ sá kiri lọ, torí òun ló máa jẹ́ kéèyàn pẹ́ nílé ara ẹ̀. Medicare yẹn náà kì í sanwó ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ máa lo oṣù mélòó kan lọ́dún ní Àkúrẹ́ bíi tiwọn, owó Social Security á máa wọlé fún un torí pé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n owó ọsibítù níbí, kó yà á sọ́tọ̀ látilẹ̀ ni.

Ohun tá a fẹnu kò lé lórí ni pé kí wọ́n má tíì ra ilé. Kí wọ́n háyà ní Peachtree City fún ọdún kan, ìgbà òjò, ìgbà ooru, ìgbà òtútù, kí wọ́n mọ bó ṣe rí. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa kó wọlé, ilé ilẹ̀ ni, onílé ti gbà pé kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri. Lálẹ́ àná ni bọ̀dá mi fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, téèpù ni wọ́n nà sí ilẹ̀kùn bálùwẹ̀, ó dúró lórí 32. Wọ́n ní ṣé ó tó? Mo ní ó tó, kí wọ́n wá fi fọ́tò ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ránṣẹ́.