Ọ̀pá Ìpẹja Fly Olówó Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: Èwo Ló Bá Ọwọ́ Yín Mu?

Ọ̀pá fly tí mo kọ́kọ́ fi owó gidi rà le gan-an. Ẹni tó tà á fún mi jù ú lójú mi, okùn sì fò lọ tààrà bí ọfà. Nígbà tí mo dé etí odò, okùn kan náà ń já lulẹ̀ níwájú mi bí òwú tó tú. Odindi sáà kan ni mo fi rò pé ọwọ́ mi ni kò dáa. Ọwọ́ mi kò burú, ọ̀pá náà kò sì burú; wọn ò kàn bá ara wọn mu ni. Ìdí nìyí tí màá fi bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra yìí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ rajà, kí n tó dé orí ọjà fúnra rẹ̀.

Nínú ìpẹja fly, kòkòrò àtọwọ́dá tí a fi ìyẹ́ àti irun dì mọ́ ìwọ̀ fúyẹ́ ju ohun tí a lè jù lọ. Okùn ló wúwo, okùn ni à ń jù. Bí ọwọ́ bá gbé ọ̀pá síwájú, ìwúwo okùn á tẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ bá dúró lójijì, ọ̀pá á nà, okùn á sì kọjá lọ pẹ̀lú ìkọ́ (bó ṣe ṣẹ́ po sórí ara rẹ̀) tó ṣe lófuurufú. Ìkọ́ tóóró máa ń la afẹ́fẹ́ kọjá, èyí tó fẹ̀ máa ń rọ̀ lulẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Kí ìkọ́ tó lè tóóró, ṣónṣó ọ̀pá gbọ́dọ̀ rìn ní ìlà tó tọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá àti ọ̀rọ̀ ọwọ́ ti pàdé: ọ̀pá rírọ̀ máa ń tẹ̀ púpọ̀, nítorí náà ọwọ́ gbọ́dọ̀ rìn jìnnà kí ṣónṣó tó lè tọ ìlà náà, ọ̀pá líle kì í tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìrìn ọwọ́ kúkurú sì tó fún un.

Ẹ wo ọwọ́ yín kí ẹ tó wo ọ̀pá

Ẹ gbé fóònù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti ń ju okùn, kí ẹ ya fídíò, kí ẹ sì wò ó díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ní ọ̀pá, ẹ yá ti ọ̀rẹ́ fún ọ̀sán kan. Ẹ wo bí ọwọ́ yín ṣe rìn jìnnà tó láàárín ibi tó ti dúró lẹ́yìn àti ibi tó ti dúró níwájú. Ẹ tún wo bóyá ẹ̀ ń kánjú tàbí ẹ̀ ń rọra.

Àwọn kan máa ń fi ọrùn ọwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́ jù, kíákíá, bí ẹni tó ń kan ìṣó. Àwọn mìíràn máa ń fi gbogbo apá jù láti èjìká, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kun ògiri lọ́dà. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí akánṣó bá mú ọ̀pá rírọ̀, agbára tó fi sí i lójijì á fa ṣónṣó wálẹ̀ kúrò lórí ìlà, okùn á gba orí ara rẹ̀ kọjá, á sì ta kókó sí okùn tín-ínrín iwájú. Bí akunlé bá mú ọ̀pá líle, ọ̀pá kò ní tẹ̀ tó, ṣónṣó á yí po bí ìdajì àgbá, ìkọ́ okùn á sì fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà. Èyí tó ṣe mí nìyẹn.

Ẹ ya fídíò kejì lẹ́yìn wákàtí méjì. Ọwọ́ tó ti rẹ̀ ni yóò fi bí ẹ ṣe ń jù gan-an hàn yín, torí pé gbogbo wa la máa ń gbìyànjú láti jù ú dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀pá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9, nọ́ńbà 5 (ìyẹn ìwúwo okùn tó bá a mu), onípele mẹ́rin (ègé mẹ́rin tí à ń so pọ̀) ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rà fún ẹja trout àti ẹja kéékèèké míì. Kábọ̀n ni gbogbo wọn; Redington, Sage, Echo àti Orvis ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n.

Redington Classic Trout ló rọ̀ jù nínú wọn. Ó máa ń tẹ̀ títí kọjá àárín, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára nínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó ń rọra ju okùn yóò gbádùn rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ń dáàbò bo okùn tín-ínrín nígbà tí ẹja bá fà lójijì, ó sì ń gbé kòkòrò kékeré kalẹ̀ lórí omi bí ìgbà tí ewé bá já bọ́. Akánṣó kò ní fara dà á.

Redington kan náà ló ṣe Vice, ṣùgbọ́n òdìkejì pátápátá ni. Fast ni wọ́n pè é: apá òkè nìkan ló ń tẹ̀ jù, ìdí rẹ̀ le. Ó dára fún afẹ́fẹ́, fún kòkòrò tó wúwo, fún odò tó fẹ̀. Sage Foundation wà lápá ibẹ̀ náà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti súnmọ́ òkè nínú ìdíje olówó ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yìí. Èmi kò ní gba akunlé níyànjú láti ra èyíkéyìí nínú méjèèjì, bó ti wù kí orúkọ wọn dùn tó.

Echo Carbon XL jẹ́ medium-fast, ìyẹn láàárín rírọ̀ àti líle, òun sì ni màá fi lé ẹni tí fídíò rẹ̀ kò fi ibì kan hàn pàtó lọ́wọ́. Ó máa ń dárí àṣìṣe jini: bí ọwọ́ bá yá díẹ̀ jù, okùn kò ní ta kókó, bí ó bá falẹ̀ díẹ̀, okùn á ṣì nà. Orvis Clearwater le jù ú lọ díẹ̀ lójú tèmi, síbẹ̀ ó ṣì ṣeé lò fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́.

Ẹ má ṣe gbára lé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ọ̀pá nìkan. Kò sí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí gbogbo ilé iṣẹ́ jọ ń lò fún slow (rírọ̀), medium (àárín) tàbí fast (líle). Medium-fast ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lè jẹ́ fast lọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Níbo ni ẹja yín ń gbé?

Bí ẹja bá wà ní mítà 6 sí yín, okùn tó jáde kò wúwo tó láti tẹ Vice tàbí Foundation. Ẹ ó máa fi agbára ọwọ́ rọ́pò iṣẹ́ ọ̀pá, èyí sì ń dá èjìká lágara. Classic Trout ti ń tẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Ní mítà 9 sí 12, níbi tí mo ti ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja mi, Carbon XL ló dùn jù. Ní mítà 18 sókè, pàápàá bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ kojú yín, ọ̀pá rírọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn líle á sì wá hàn ní kedere pé wọ́n tóótun. Nítorí náà, akunlé tó ń pẹja lórí adágún ńlá ní ìpinnu gidi láti ṣe: ó lè kọ́ ìrìn ọwọ́ tuntun, tàbí kí ó mú ti àárín, kí ó sì gbà pé okùn òun kò ní jìnnà tó ti ẹlòmíì. Ti àárín ni mo mú, inú mi sì dùn sí i.

Ṣé okùn lẹ̀bi, àbí ọ̀pá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ń da ọ̀pá tó dára nù nítorí okùn. Nọ́ńbà 5 túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ lára okùn náà wọn grains 140, ìyẹn bíi gíráàmù 9. Nọ́ńbà 6 jẹ́ grains 160. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ okùn tí wọ́n kọ 5 sí lára ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lè tẹ àwọn ọ̀pá líle. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ sórí Classic Trout, ọ̀pá náà á dàbí èyí tó ti sú. Bí ẹ bá fi sórí Vice, á rọ̀ díẹ̀, ọwọ́ akunlé pàápàá á sì lè lò ó. Kí ẹ tó ta ọ̀pá tí ẹ rò pé ó le jù, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn rẹ̀.

Fún ìdí kan náà, mímì ọ̀pá láìsí okùn nínú ilé ìtajà kò lè sọ bó ṣe ń ju okùn. Ohun kan ṣoṣo ló lè fi hàn yín: ẹ mì í lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ wo bí ṣónṣó rẹ̀ ṣe tètè dákẹ́. Èyí tó bá ń gbọ̀n pẹ́ yóò gbé ìgbì sínú okùn. Níbí ni ọ̀pá olówó ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ti yàtọ̀ sí èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti èyí tó wọ́n jù kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Tí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ so okùn tiyín mọ́ ọn, ẹ jáde síta, ẹ jù ú ní mítà 9, kì í ṣe ibi tó jìnnà jù tí agbára yín gbé.

Ọ̀rọ̀ wáráńtì náà kò ṣeé fojú fò. Orvis ń fún Clearwater ní ọdún 25. Lọ́dọ̀ ẹni yòówù tí ẹ bá ti rà á, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ìpele òkè àti iye tí wọ́n ń gbà fún un, nítorí ìpele yẹn ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ sábà máa ń há mọ́.