Fọ́ǹtì Google, àbí èyí tó wà lórí sáfà tiwa?

Àwọn tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún ìjọ àti ilé ìtajà ní Kábbà kì í yé béèrè èyí lọ́wọ́ mi. Fọ́ǹtì ni fáìlì tó ń pinnu bí lẹ́tà ṣe ń rí; sáfà ni kọ̀ǹpútà tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ń gbé lórí rẹ̀.

Ti Google rọrùn: ìlà kan péré lo máa lẹ̀ mọ́ kóòdù rẹ. Tiwa gba sùúrù: wàá wa fáìlì WOFF2 (irú fáìlì fọ́ǹtì tí a ń lò lórí wẹ́ẹ̀bù) wálẹ̀, wàá gbé e sórí sáfà, wàá kọ @font-face, ìyẹn àṣẹ CSS tó ń sọ ibi tí fọ́ǹtì wà, fúnra rẹ. Méjèèjì lè jẹ́ ọ̀fẹ́.

Àmì ohùn ló ń dùn mí jù. “Ọ” ní kóòdù tirẹ̀ nínú Unicode (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà), “Ọ̀” kò ní. Ńṣe la ń gbé àmì lé e lórí, fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n gbé á jẹ́ kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọ́ǹtì Noto Sans ń gbé e dáadáa. Bí o bá ń yọ àwọn lẹ́tà tí o kò nílò kúrò nínú fáìlì tìrẹ kó lè fúyẹ́, má yọ àmì dànù. Mo ṣe é rí, “Ọ̀wọ́rọ̀” sì di ẹlẹ́yà.

Tẹ́lẹ̀, bí sáìtì kan bá ti wa fọ́ǹtì Google wálẹ̀ sórí ẹ̀rọ òǹkàwé, sáìtì mìíràn lè lò ó láìtún wà á. Láti 2020, Chrome kì í jẹ́ kí sáìtì kan lo fọ́ǹtì tí sáìtì mìíràn ti wa wálẹ̀, nítorí náà àǹfààní àtijọ́ yẹn ti lọ.

Bí o bá ń kánjú, tàbí o ṣì ń dán lẹ́tà wò, lo ti Google. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn òǹkàwé rẹ bá ń ṣe ségesège, gbé tìrẹ sórí sáfà, kí ẹ̀rọ wọn má baà tún lọ kàn sí sáfà Google.