Box Hill àbí New Forest: èwo ni kí o gbé kẹ̀kẹ́ lọ?

Ìwọ tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti sú, Box Hill ní Surrey ló sún mọ́ ọ jù. Láti Waterloo, ọkọ̀ ojú irin kì í lò tó wákàtí kan. Òkè ni wọ́n ń bá lọ síbẹ̀. Zig Zag Road lọ́ kọ́lọkọ̀lọ gòkè fún nǹkan bíi kìlómítà 2.5. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni àwọn ọkùnrin gùn ún nínú ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2012! Bí agbára bá ṣì kù, Leith Hill tó wà nínú igbó nítòsí tún ga jù ú lọ.

Ní ti New Forest, igbó àti pápá tó wà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà rẹ̀ jìn díẹ̀, àmọ́ òun lèmi fẹ́ràn. William tó ṣẹ́gun Ìlú Ọba ló yà á sọ́tọ̀ fún ọdẹ ní nǹkan bí ọdún 1079. Òkè ibẹ̀ kò le. Atẹ́gùn orí pápá gbalasa ló ń dá èèyàn lágara. Lóṣù kẹjọ, òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ àlùkò a bo pápá náà lọ súà. Ẹṣin, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń rìn fàlàlà lójú títì. Bí ẹṣin bá dúró láàárín ọ̀nà, má fun fèrè mọ́ ọn. Rọra yà fún un. Wàá tún bá àwọn irin tí wọ́n tò dábùú títì kí ẹran má baà kọjá. Òjò a máa mú un yọ̀, nítorí náà gba orí rẹ̀ tààrà, má sì tẹ bíréèkì.