Ọkọ̀ tí mo háyà láti Ìkẹjà dé Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Bí ẹ bá ń mú àlejò bọ̀ láti òkè òkun wá wo Ojúde Ọba, ọdún ńlá àwọn Ìjẹ̀bú, tí ẹ sì ń rò ó bóyá kí ẹ háyà ọkọ̀ àti dírẹ́bà tàbí kí ẹ kàn wọ mọ́tò ní gáréèjì, ẹ háyà.

Ará ibi iṣẹ́ mi ní Leeds ni àlejò tèmi. Kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló ti ka gbogbo ìkìlọ̀ tí ìjọba Ìlú Ọba kọ nípa Nàìjíríà, àyà rẹ̀ sì ti ń já. Irọ́ kọ́ ni ìkìlọ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ bíi Borno, Yobe àti Zamfara ni wọ́n ní kéèyàn má dé rárá, Maiduguri sì jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde ju 1,000 kìlómítà lọ. Mo fi máàpù hàn án. Ó ní òun ti gbọ́, síbẹ̀ ó lọ ra bẹ́líìtì tí wọ́n ń tọ́jú owó sí lábẹ́ aṣọ.

Kí n sòótọ́, dírẹ́bà ni mo sanwó fún. Ká tó gúnlẹ̀ ló ti fi fọ́tò ara rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá jọ ti fọ́tò yẹn, ká má dá a lóhùn. Alẹ́ la dé. Mo ní ká kọjá sí Ìjẹ̀bú-Òde tààrà, ó kọ̀ jálẹ̀: “Àǹtí, ẹ má bínú, èmi kì í gba Ṣágámù lálẹ́. Ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́, mà.” Àwọn ajínigbé ti ṣọṣẹ́ rí lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Bìní, ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í fi òru dán an wò.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣọ́ ọ dáadáa nídìí àwọn ọlọ́pàá. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn ló ti sọ gíláàsì kalẹ̀, ó pa rédíò, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn. “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ kú oòrùn.” Ọ̀kan ní ká ṣe ọdún fún òun. Ó rẹ́rìn-ín: “Tá a bá ń padà bọ̀, ọ̀gá mi.” Wọ́n ní ká máa lọ. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìbàfò àti Mówè ló gba àkókò wa jù. (Ẹ má bá Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù pàdé níbẹ̀ o, ọjọ́ ìsìn alẹ́ àwọn Rìdíìmù.)

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí; ti 2024 tí a lọ jẹ́ 18 oṣù kẹfà, ọdún tí Farooq Oreagba gun ẹṣin tí gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì gbóná. Nígbà tí àwọn ìdílé Balógun yin ìbọn ṣakabùlà, àlejò mi ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn àga. Ìyá kan tó wọ aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) tiwọn fà á lápá: “Dìde, ọmọ mi, ẹ̀tù lásán ni.” Ẹ ṣọ́ fóònù yín láàárín èrò, ẹ má sì dúró lẹ́yìn ẹṣin.

Lójú tèmi, ẹ̀fọn ló yẹ kí àlejò bẹ̀rù jù. Kó bẹ̀rẹ̀ oògùn ibà kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kó mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, omi tí a dé pa ni kó máa mu. Káàdì báńkì òkè òkun lè kọ̀ lẹ́nu POS, torí náà kó ní náírà lọ́wọ́. Ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ ewùrà àwọn Ìjẹ̀bú, kò ṣe àlejò tèmi ní nǹkan kan. Ó bù kún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ? Ẹ́síì ọkọ̀ náà kú nígbà tí a ń padà. Iléeṣẹ́ wọn tún já “owó páàkì” lé wa lórí, èyí tí a ò jọ sọ. Mo kọ̀wé sí wọn, wọn ò fèsì títí mo fi padà sí Leeds. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo owó sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ sì tan ẹ́síì wò kí ẹ tó kó ẹrù sínú bùùtù.