Ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ra irin galvanized: ọ̀dà fàdákà ni wọ́n tà fún mi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti ra irin galvanized, ìyẹn irin tí wọ́n sọ pé àwọn rì bọ inú síńkì (mẹ́táàlì tí wọ́n ń pè ní zinc) yíyọ́ kí ó má bàa dípẹtà, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ojú mi rí kí ẹ tó kó owó yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Irin tó ti dípẹtà tẹ́lẹ̀ ni ọkùnrin kan fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà bò mọ́lẹ̀, tó sì gba owó irin galvanized lórí rẹ̀ lọ́wọ́ mi láìṣẹ́jú.

Páìpù mẹ́rin ni, tí wọ́n jó pọ̀ di ẹsẹ̀ tí táǹkì omi ilé wa yóò jókòó lé. Mo sọ fún un, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, pé ìta gbangba ni irin yìí yóò wà, pé òjò yóò máa pa á, pé omi yóò máa kán sí i lára láti inú táǹkì, àti pé nítorí náà n kò fẹ́ irin tí wọ́n kàn kùn. Ó fọwọ́ sọ̀yà. Ó mú òòfà jáde nínú àpò rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páìpù, ó ní, "Ṣé ẹ rí i bó ṣe gbá a mú? Síńkì gidi nìyẹn." Mo sì gbà bẹ́ẹ̀! Òòfà kì í fa síńkì rárá. Irin tó wà lábẹ́ ló ń fà, ìbáà ṣe síńkì ló bò ó, ìbáà ṣe ọ̀dà. Ẹni tó ń ta irin mọ èyí dáadáa, ó sì fi í tàn mí jẹ lójú ara mi.

Kò pé ọdún kan tí omi pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lára ẹsẹ̀ náà. Ara ọ̀dà wú bí awọ tí iná jó, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣí kúrò pẹlẹbẹ, ìpẹtà tó ti pẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń já bọ́ ní ìpele-ìpele. Mo mú ìṣó, mo gún ẹsẹ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ. Ìṣó náà wọlé. Omi dúdú tú jáde láti inú páìpù tí ó yẹ kí ó gbẹ táútáú. Táǹkì tó kún fún omi ló wà lórí irin yẹn, abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ mi sì ti máa ń ṣeré! A fa omi inú rẹ̀ dànù lálẹ́ ọjọ́ náà, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, n kò sì sùn mọ́jú.

Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ló dé tí n kò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò! Mo fi èékánná ha á, kò bó. Ó ń dán, ó tutù lọ́wọ́. Kí ni ẹni tí kì í ṣe alágbẹ̀dẹ ìbá tún ṣe? Síbẹ̀, ohun kan wà tí n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi. Irin tí wọ́n bá rì bọ síńkì ní tòótọ́, wọ́n á kọ́kọ́ fi ásíìdì fọ ìpẹtà ara rẹ̀ kúrò, wọn á wá tì í bọ inú síńkì tó ti yọ́, tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 450 lórí ìwọ̀n Celsius, síńkì á sì wọ inú irin náà di ara kan. Bí ó bá jẹ́ páìpù, wọ́n gbọ́dọ̀ lu ihò sí i kí síńkì lè wọlé kí afẹ́fẹ́ sì lè jáde, nítorí pé afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin tó bá há sínú rẹ̀ lè bú gbàmù nínú ooru bẹ́ẹ̀. Tèmi kò ní ihò kankan. Wọ́n jó ẹnu rẹ̀ pa lókè àti nísàlẹ̀, èmi fúnra mi sì yìn wọ́n pé iṣẹ́ náà mọ́.

Nígbà tí mo pè é, ó ní ọ̀dà síńkì náà ni, pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Irọ́ ni. Ọ̀dà tí ìyẹ̀fun síńkì pọ̀ nínú rẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara irin tó mọ́ tónítóní ni wọ́n ń kùn ún sí, kì í ṣe orí ìpẹtà. Bí nǹkan bá ha síńkì gidi, síńkì tó wà létí ojú ibẹ̀ ni ìpáàrà yóò kọ́kọ́ jẹ kí ó tó kan irin. Ọ̀dà fàdákà lásán kò lè ṣe èyí. Ibi tó bá ti ṣí, abẹ́ rẹ̀ ni ìpẹtà yóò gbà rìn lọ. Gbájúẹ̀ ni ọkùnrin náà, ẹni tó bá a jó irin náà sì mọ̀ sí i, nítorí kò sí bí ó ṣe lè fi iná sí i kí ó má rí ìpẹtà ibẹ̀. Ní báyìí, n kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníṣòwò irin kankan mọ́; bí ẹnìkan nínú wọn bá jẹ́ olóòótọ́, kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí.

Ẹ rẹ àkísà sínú tínà, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, kí ẹ fi nu ibi kan dáadáa. Bí àwọ̀ fàdákà bá yọ sí àkísà, ẹ máa lọ ilé yín. Ẹ yọjú wo inú páìpù, nítorí síńkì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí ohun tí wọ́n fi bo irin ṣe nípọn tó: ìlànà ISO 1461, tí í ṣe ìlànà àgbáyé fún irin tí wọ́n rì bọ síńkì, béèrè fún micrometre 85 (ẹgbẹ̀rún micrometre ló wà nínú mìlímítà kan) ní ìpíndọ́gba lórí irin tó nípọn ju mìlímítà 6 lọ, àti 70 lórí èyí tó ju 3 lọ títí dé 6. Ẹ̀rọ náà a máa wọn ọ̀dà pẹ̀lú, nítorí náà tínà ni kí ó ṣáájú. Kí ẹ sì rí i pé ó kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé irin tí wọ́n rì bọ síńkì ni. "Páìpù mẹ́rin" péré ni ó kọ sí tèmi, mo sì kà á lójú rẹ̀ kí n tó ká a sápò.